Ọ́nárébù, bọ́jẹ́ẹ̀tì àti kòrónà: ibi tí iṣẹ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ wà gan-an

Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, ìrẹsì ni ọ̀pọ̀ ará àdúgbò fi ń díwọ̀n ọ́nárébù wọn. Ta ló pín kóńgò méjì méjì? Ta ló lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ àpò gààrí? Ta ni kò tiẹ̀ yọjú rárá? Ẹni tí ebi ń pa kò ṣẹ̀ tó bá béèrè bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin kò fi oúnjẹ pínpín kún iṣẹ́ ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ tí òfin gbé lé e lọ́wọ́ lọ́dún náà ni èyí tó wáyé nígbà tí àwọn gómìnà gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì padà wá sílé aṣòfin pé kí wọ́n bá àwọn gé e. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pinnu títì tí wọn yóò ṣe àti èyí tí yóò di ọdún mìíràn, iye tí yóò lọ sílé ìwòsàn àti iye tí yóò lọ sí ọ́fíìsì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ́nárébù òun ṣiṣẹ́ nígbà kòrónà, ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì yẹn ni kó lọ wò.

Orúkọ oyè yìí máa ń dà wá lójú rú. Ẹni tó ń ṣojú wa l'Ábújá, ọ́nárébù ni. Ẹni tó wà nílé aṣòfin ìpínlẹ̀, ọ́nárébù ni. Káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù náà ò sì ní bínú tí a bá pè é bẹ́ẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ là ń sọ níbí. Èkó ní 40, Ọ̀yọ́ ní 32, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì sì ní 26 níkọ̀ọ̀kan. Àwọn kọ́ ló kéde kónílé-ó-gbélé. Ààrẹ Muhammadu Buhari ló ti Èkó, Ògùn àti Abújá pa láti aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2020. Àwọn gómìnà ló pàṣẹ tiwọn níbòmíràn. Ọ́nárébù kò ní ọlọ́pàá lábẹ́, kò ní nọ́ọ̀sì lábẹ́, kò sì lè fọwọ́ sí ìwé kí owó ìjọba jáde ní báńkì. Ohun mẹ́ta ló lè ṣe: kó ṣòfin, kó gbà tàbí kó kọ bí gómìnà ṣe fẹ́ náwó, kó sì pe ẹni tó náwó wá ṣàlàyé.

Ti òfin kò gba àkókò. Ní oṣù kẹta 2020, ọjọ́ kan ṣoṣo nilé aṣòfin Èkó fi ka àbádòfin kòrónà lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí àrùn ń jà, a lè yọ̀ǹda ìyẹn. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó gba àkókò.

Ibi tí owó ti já

Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ni owó ń gbà wọ àpò ìpínlẹ̀: ìpín láti Abújá, owó VAT, owó tí ìpínlẹ̀ ń pa wọlé fúnra rẹ̀, àti ẹ̀yáwó pẹ̀lú owó ìrànwọ́.

Epo rọ̀bì ló gbé ìpín Abújá dúró. Dọ́là 57 fún àgbá kan ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣírò bọ́jẹ́ẹ̀tì 2020. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, iye rẹ̀ lọ́jà àgbáyé ti já sí ìsàlẹ̀ 20 dọ́là láwọn ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n tún bọ́jẹ́ẹ̀tì náà ṣe, dọ́là 28 ni wọ́n fi ṣírò. Nínú owó tó bá wọ àpò àpapọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ti àwọn ìpínlẹ̀ elépo sọ́tọ̀, ìjọba àpapọ̀ ń mú ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo ìpínlẹ̀ 36 jọ ń pín ìdá 26.72, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń mú ìdá 20.60. Ìpínlẹ̀ tó ń fi ìpín yìí san owó oṣù kò ní ibi tí yóò sá sí bí epo bá já.

Owó tí ìpínlẹ̀ ń pa wọlé fúnra rẹ̀ ni àlàyé rẹ̀ díjú jù, torí ìdáhùn kan náà ni gbogbo ìjọba ń fún aráàlú: "kòrónà ló fà á." Nínú ìṣirò NBS, àjọ tó ń ṣàkójọ ìṣirò nílẹ̀ wa, owó tí Ògùn pa wọlé já láti bíi bílíọ̀nù 70.9 náírà ní 2019 sí bílíọ̀nù 50.7 ní 2020. Ṣùgbọ́n ti Èkó gòkè, láti bíi bílíọ̀nù 398.7 sí bílíọ̀nù 419. Ti Ọ̀yọ́ náà gòkè, láti bíi 26.7 sí 38. Àrùn kan náà, ọdún kan náà. Ohun tó yẹ ká wò ni irú owó orí tó pọ̀ jù nínú àpò ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù ló gbé ti Èkó dúró. Òṣìṣẹ́ báńkì tó ń ṣiṣẹ́ látilé ṣì ń gba owó oṣù, wọ́n sì ń yọ owó orí níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, ìwé ọkọ̀, owó ilẹ̀ àti owó òtẹ́ẹ̀lì kì í rí bẹ́ẹ̀: lọ́jọ́ tí ìjọba bá ti ọjà pa, lọ́jọ́ náà ni owó wọn dúró. Nítorí náà, ọ́nárébù tó bá gba "kòrónà ló fà á" gbọ́ láìbéèrè àkọsílẹ̀ owó oṣooṣù láti January sí June, irú owó orí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń gé e

Èkó gé bọ́jẹ́ẹ̀tì láti tírílíọ̀nù 1.168 náírà sí bílíọ̀nù 920.5, ìyẹn bí ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀yọ́ gé tirẹ̀ láti bílíọ̀nù 213.8 sí bílíọ̀nù 174.1. Ògùn ló gé jù nínú àwọn mẹ́ta yìí, láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 450 sí 280. Ẹ má ṣe rò pé owó tó wà ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kòrónà jẹ. Ìpínlẹ̀ tó pa bílíọ̀nù 71 wọlé lọ́dún tó kọjá, tó wá kọ bílíọ̀nù 450 sílẹ̀ fún ọdún tuntun, ẹ̀yáwó àti ìrètí ló fi dí àlàfo náà. Lójú tiwa, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n gé ní 2020 jẹ́ owó tí kì bá tí wọlé bí àrùn kankan ò tiẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ fi sáré gé bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́dún náà. Nígbà náà, Báńkì Àgbáyé ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní SFTAS, 750 mílíọ̀nù dọ́là, tó máa ń fún ìpínlẹ̀ lówó bí wọ́n bá ṣe ohun tí ètò náà là sílẹ̀. Lára rẹ̀ lọ́dún náà ni pé kí ilé aṣòfin ti bu ọwọ́ lu bọ́jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tún ṣe nítorí kòrónà, kó sì ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún aráàlú, kó tó di òpin oṣù keje. Àǹfààní ńlá ni pé ìwé náà jáde síta. Àléébù rẹ̀ ni pé ilé aṣòfin tí ọjọ́ ń lé kì í rí àyè tú ìwé ọ̀rìnlénígba ojú ewé.

Bí ìwé náà ṣe ń rìn nìyí. Gómìnà á kọ lẹ́tà, Abẹnugan á kà á létí ilé. Wọ́n á ka àbádòfin náà nígbà àkọ́kọ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Nígbà kejì, wọ́n á sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe rí lápapọ̀; ibẹ̀ ni ẹ ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó: ìlera, ètò ẹ̀kọ́, iṣẹ́ òde, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kọmíṣánnà àti akọ̀wé àgbà ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á wá síwájú wọn láti gbèjà ohun tí wọ́n kọ. Àbọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ á padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí bọ́jẹ́ẹ̀tì, ilé á tún un gbé yẹ̀ wò ní ìlà ní ìlà, wọ́n á kà á nígbà kẹta, wọ́n á sì fi ẹ̀dà mímọ́ ránṣẹ́ sí gómìnà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún un láti fọwọ́ sí i. Bó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ọmọ ilé lè sọ ọ́ di òfin láìsí ọwọ́ rẹ̀. Abala 100 ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni iwájú ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó. Kọmíṣánnà á dé pẹ̀lú ìwé tuntun láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ìgbìmọ̀ á ní ogójì ìṣẹ́jú láti fi gbọ́ tẹnu rẹ̀, ilé-iṣẹ́ mẹ́rin mìíràn sì ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Ọ́nárébù tí kò bá ti ní àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ná lóṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ lọ́wọ́ kó tó wọlé, ẹ̀rín ni yóò máa rín.

Ẹ jẹ́ ká ka ìlà méjì

Nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tún ṣe, òpó mẹ́ta ló ṣe pàtàkì: iye tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí, iye tí wọ́n ti ná gan-an, àti iye tuntun. Ká ní títì àdúgbò yín wà níbẹ̀ báyìí: mílíọ̀nù 300, òdo, mílíọ̀nù 60. Òǹkàwé tí kò fura á ní, "ó dára, wọn ò yọ títì wa kúrò." Ẹ dúró ná. Bí ìjọba bá ti fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe ní mílíọ̀nù 300, tí àdéhùn sì ní kí wọ́n fún un ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún gẹ́gẹ́ bí àsansílẹ̀, mílíọ̀nù 90 nìyẹn. Mílíọ̀nù 60 kò tó àsansílẹ̀ gan-an. Ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni yóò ṣẹlẹ̀: agbaṣẹ́ṣe ò ní yọjú, tàbí kó wá gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó sì kó katakata rẹ̀ lọ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí owó bá fi máa dé lọ́dún kejì, sìmẹ́ǹtì àti irin ti gbówó lórí, ó ti ń béèrè àfikún.

Nǹkan mẹ́ta ni ọ́nárébù lè bá ìlà yẹn ṣe. Ó lè ní kí wọ́n gé iṣẹ́ náà kúrú, kó jẹ́ gọ́tà àti kọ́fátì nìkan, ohun tí mílíọ̀nù 60 lè parí. Ó lè ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, kí owó náà lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tí kò ní omi. Tàbí kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó lè sọ fún ará àdúgbò pé títì yín wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹta yìí ló burú jù, òun náà ló sì wọ́pọ̀ jù, torí kò bí ẹnikẹ́ni nínú lọ́jọ́ náà.

Ìlà kejì ni èyí tí wọ́n kàn kọ "ìgbógunti kòrónà" sí, tí bílíọ̀nù méjì sì dúró níwájú rẹ̀ láìsí àlàyé kankan. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ di ọ̀pọ̀ ìlà: ibùsùn, ọ́síjìn, ìbòmú àti ìbọ̀wọ́, àjẹmọ́nú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, oúnjẹ àwọn tó wà ní ibùdó ìyàsọ́tọ̀, ọkọ̀ tó ń gbé ohun tí wọ́n gbà lára aláìsàn lọ fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà, kí a ṣírò ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́rùn-ún aláìsàn, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ọjọ́ 14: abọ́ 4,200. Bí ìwé agbaṣẹ́ṣe bá ní abọ́ 9,000, a ò tíì pe ẹnikẹ́ni lólè; a kàn fẹ́ rí ìwé orúkọ àwọn tó jẹun. Bóyá aláìsàn ju ọgọ́rùn-ún lọ, bóyá oúnjẹ àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ìdáhùn kì í pẹ́ kó tó fún ni.

Owó ìrànwọ́ gbọ́dọ̀ hàn lápá méjèèjì ìwé. Ìjọba àpapọ̀ kéde bílíọ̀nù mẹ́wàá náírà fún Èkó ní oṣù kẹta 2020. Irú owó bẹ́ẹ̀ ní láti wà lápá owó tó wọlé, kí ohun tí wọ́n fi ṣe sì wà lápá owó tó jáde. Bó bá wà lápá kan ṣoṣo, ìbéèrè ti dé.

Ọ̀rọ̀ méjì kan tún wà tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn. Bí gómìnà bá fẹ́ kó owó láti ìlà kan sí ìlà mìíràn láìjẹ́ pé àpapọ̀ yí padà, "virement" ni wọ́n ń pè é. Bó bá fẹ́ ná ju àpapọ̀ lọ, tàbí fẹ́ náwó sí ohun tí kò sí nínú ìwé rárá, àfikún bọ́jẹ́ẹ̀tì ló gbọ́dọ̀ gbé wá. Nígbà kòrónà, ẹ̀ṣẹ̀ tó rọrùn jù láti dá ni kí wọ́n kọ́kọ́ náwó, kí wọ́n tó wá gba àṣẹ. Abala 123 fàyè sílẹ̀ fún àpò pàjáwìrì, àmọ́ ilé aṣòfin ló gbọ́dọ̀ ṣòfin tó dá àpò náà sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tètè gbé àfikún bọ́jẹ́ẹ̀tì wá láti dá owó náà padà sínú rẹ̀.

Oúnjẹ tó wà ní títì pa

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 2020, èrò ya wọ ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza l'Ékòó. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣẹlẹ̀ ní Ẹdẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó sì ràn káàkiri. Wọ́n bá oúnjẹ níbẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ CACOVID, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tó dá owó jọ nítorí àrùn náà. Àwọn gómìnà ní pínpín ò tíì parí láwọn ibì kan, àti pé wọ́n ń tọ́jú díẹ̀ de ìgbì kejì àrùn náà.

Oúnjẹ yìí kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, torí ẹ̀bùn ni. Bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ àbójútó nìyẹn. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ló wà nídìí rẹ̀, nínú ilé ìjọba, pẹ̀lú epo ọkọ̀ ìjọba. Ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó lè béèrè ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí gbọ́dọ̀ ní: àpò mélòó ló wọlé, lọ́jọ́ wo, mélòó ló jáde, sí ìjọba ìbílẹ̀ wo, ta ló fọwọ́ gbà á, mélòó ló kù. Bí wọ́n bá ń gba ìwé yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù karùn-ún, tí wọ́n sì ń gbé e síta, ará Ẹdẹ ì bá ti mọ ohun tó wà nínú ilé yẹn àti ọjọ́ tí yóò jáde. Ìfura ló fọ́ ilẹ̀kùn náà tó bí ebi ṣe fọ́ ọ.

Ohun tí òfin béèrè kí ìpè bẹ́ẹ̀ tó lágbára ni pé kí ilé ṣe ìpinnu, kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé tàbí ìwé ìròyìn ìjọba. Abala 128 nìyẹn. Abala 129 ló fún wọn lágbára láti pe ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì fi ọlọ́pàá mú ẹni tó bá kọ̀ láti wá. Ọ́nárébù tó kàn gbéra lọ sílé ìkẹ́rùsí pẹ̀lú oníkámẹ́rà, àbẹ̀wò lásán ló ṣe.

Ilé ìwòsàn alábọ́dé náà ní ìdí tó fi ń rí bó ṣe ń rí. Ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó máa tọ́jú rẹ̀, àmọ́ ní 2020, lábẹ́ abala 162, àpò kan náà tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó ni owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ́ sí. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ owó oṣù tíṣà, owó ìfẹ̀yìntì àti owó òṣìṣẹ́ ìlera. Èyí tó bá kù ni alága ń rí. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ló ń ṣòfin bí wọn yóò ṣe pín in. Nítorí náà, ọ́nárébù tó bá ń ti ẹ̀bi ilé ìwòsàn sọ́rùn alága káńsù nìkan ń fi nǹkan pamọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó náà máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní 2020, bí nǹkan ṣe rí kọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn tí owó ti jáde

Olùyẹ̀wò owó àgbà ìpínlẹ̀ ní 90 ọjọ́ láti fi àbọ̀ ránṣẹ́ sílé aṣòfin, láti ọjọ́ tí aṣírò owó àgbà bá ti gbé ìwé fún un. Ẹ kíyè sí ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀: bí aṣírò owó bá pẹ́ kó tó gbé ìwé sílẹ̀, 90 ọjọ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé owó wò ló máa gba àbọ̀ náà, kó pe àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àbọ̀ ń kú síbẹ̀, torí àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò àti gómìnà tí wọ́n ń yẹ̀ wò jọ ń jẹun nínú àwo kan. Wọ́n tún òfin ṣe ní 2018 kí owó ilé aṣòfin lè máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Buhari fọwọ́ sí àṣẹ ààrẹ tí wọ́n ń pè ní Executive Order 10 ní oṣù karùn-ún 2020 láti fipá mú un ṣẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù àti ti ilé aṣòfin daṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2021. Ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fagi lé àṣẹ náà ní oṣù kejì 2022. Títún òfin ṣe ti 2018 yẹn ṣì wà. Bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń tẹ̀ lé e ni kò dọ́gba.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àdúgbò yín wọ inú ìwé yìí, ẹ má dúró de ìgbà tí ọ́nárébù bá ń pín nǹkan. Láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá ni bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ máa ń gba ọwọ́ ìjọba dé ilé aṣòfin. Lẹ́tà tó bá dé ní January ti pẹ́. Ẹ kọ ohun kan ṣoṣo sínú lẹ́tà kan. Ẹ dárúkọ òpópónà tàbí ilé ìwòsàn náà, wọ́ọ̀dù àti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, àti nọ́ńbà ìlà rẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì tó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi fọ́tò méjì tó ní ọjọ́ lára sí i. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ ní gbólóhùn kan: "kànga ẹlẹ́rọ kan àti táńkì lítà 5,000 fún ilé ìwòsàn" dára ju "ìdàgbàsókè àgbègbè wa" lọ. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́nárébù, ọ̀kan sí akọ̀wé ilé, ọ̀kan sí alága ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó tó kàn. Kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ pé àwọn ti gbà á sórí èyí tí yóò kù sí yín lọ́wọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà fáìlì, torí nọ́ńbà yẹn ni wọn yóò béèrè nígbà tí ẹ bá padà lọ.